Òfin tó ń gbé ara ògiri

Aṣòfin wa, ẹ kú iṣẹ́ o! Òfin yín ti dé Mowe. Ara ògiri ló ń gbé.

Láàárọ̀ yìí ni mo mú àbúrò mi, tí kolorádò ti di bárakú fún, lọ sí ọsibítù. Wọ́n kọ òfin tuntun náà gàdàgbà sára ògiri: ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn olóró, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wo àbúrò mi látòkè délẹ̀.

"Ṣó ṣì ń mu ún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jáwọ́ ná, kẹ́ ẹ tó mú un wá."

Àbúrò mi ka ohun tó wà lára ògiri sókè, ó wá yíjú sí mi: "Àǹtí mi, nínú èmi àtàwọn yìí, ta ló mu kolorádò?"

Ẹ bá mi táàgì aṣòfin wa, kó wá dá a lóhùn.