Epo Ọkọ̀ Nínú Tíì Màmá Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń rí mi lára bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Màmá mi, tó ń gbé nílùú Ìṣẹ́, máa ń ṣe tíì ewé koóko ọba. Á gé e, á sá a, á rún un sínú ọ̀rá. Àwọn ìyá ìjọ wọn ń mu ún, aládùúgbò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ náà ń mu ún láàárọ̀ lálẹ́. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní lábù ní Ìkẹ́rẹ́. Iṣẹ́ wa ni ká yọ òróró inú ewé, ká fi ẹ̀rọ yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò. Mo bá gbé tíì màmá mi lọ. Ẹ ò rí i bí mo ṣe ń yangàn!

A sè é, òróró jáde. Òróró koóko ọba máa ń mọ́, a sì máa ta sánsán bí ọsàn wẹ́wẹ́. Èyí dúdú! Ó ń rùn bí ẹ̀yìn tírélà. Ẹ̀rọ wa rí koóko ọba níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó rí epo ọkọ̀ pẹ̀lú! Ọ̀gá mi bi mí bóyá mẹkáníìkì ni màmá mi. Èmi tí mo sì ti mu kọ́ọ̀bù kan láàárọ̀ ńkọ́? Mo sáré jáde lọ bì.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ Ìṣẹ́. Kí ni mo bá? Ewé tẹ́ rẹrẹ lórí ọ̀dà títì, níbi tí ọkọ̀ akópákó máa ń dúró sí, tí epo ń ro lábẹ́ wọn. Ewúrẹ́ kan tọ̀ sí i lójú mi! Màmá mi fi ọwọ̀ gbá a jọ. Ọwọ̀ tó fi ń gbá ìta! Ẹ gbà mí!

Mo ní kí ló dé. Ó pòṣé: "Ùwọ ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe orí títì yìí la ti ń sá láfún tí ùwọ jẹ dàgbà?"

Mi ò bá a jiyàn. Mo ṣí ìgò òróró náà sí i nímú. Ó fi gèlè bo imú. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ìyá ọmọ tuntun ti mu ti àárọ̀ yẹn. Ló bá sáré lọ gba ọ̀rá tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó da gbogbo ewé sí ààtàn.

Nígbà tó yá, ó gbé ọkà láfún síwájú mi, ó ń rú èéfín. Mo wo ọkà, mo wo títì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ewé tó dáa lè di májèlé níbi tá a bá sá a sí. Ẹ kúrò lórí ọ̀dà! Kí lẹ̀yin náà ti bá nínú ohun tẹ́ ẹ ń mu? Ẹ sọ ọ́ fún mi, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bóyá mo jẹ ọkà náà.