Ibi Tí Ògiri Gbọ́dọ̀ Ti Là

Amọ̀ Sachse, ìlú òyìnbó tí à ń gbé, ní òórùn tirẹ̀. Tí oòrùn bá ti sá a títí tó fi sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀, tí omi wá kàn án lójijì, òórùn kan máa ń gòkè wá bíi ti ìkòkò tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọnmi sí. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn púpọ̀ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé wa. Ìyàwó mi ti gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ata rodo sápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, ó gbìn wọ́n mọ́ ògiri gan-an kí atẹ́gùn má baà dà wọ́n láàmú. Tó bá ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, kó tó bọ́ bàtà ló ti máa ń bomi rin wọ́n. Èmi a jókòó sórí àga níta, màá máa fa òórùn amọ̀ símú bí olówó. Mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ yẹn ń mu omi náà fún ìdí tirẹ̀.

Nígbà tí ooru mú gidi lọ́dún kejì, ìlà kan jáde ní igun ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó ń gun ògiri lọ bí ìrù alángbá. Mo fi kàlẹ́ńdà ìjọ bò ó. Nígbà tó gùn ju kàlẹ́ńdà lọ, mo fi òróró àdúrà kùn ún. Ìlà ò gbọ́. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ náà kọ̀, kò pa dé mọ́. Ọ̀rẹ́ mi, má fi mí rẹ́rìn-ín o: mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn tòun ti ṣòkòtò àti bàtà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lápò mi.

Ìyàwó mi bi mí pé, "Dádì, ibo lẹ ń lọ?"

Mo ní, "Èèyàn kì í mọ̀."

Ọkùnrin kan wà tó máa ń ra ilé tó ti ń ya lọ́wọ́ àwọn tí ẹ̀rù ti bà. Ẹ̀dínwó tó ń wá ju ti ọjà alẹ́ lọ. Mo pè é, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ìwé tí màá fọwọ́ sí. Ìyàwó mi sunkún. Ilé tí a fi àìsùn ra, tí òun fi iṣẹ́ òru san, ni mo fẹ́ jù sílẹ̀ yẹn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kọ́kọ́ wò ó. Tó bá ní ká lọ, èmi fúnra mi ni màá di ẹrù."

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi yìí ń gbé ní McKinney, ìlú kan tí kò jìnnà sí tiwa. Ẹnjinníà ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó wádìí ohun tó ń mú ilé là. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó kúnlẹ̀, "Ẹ káàárọ̀, bàbá kékeré." Ló bá wo bàtà mi. "Ṣé ẹ ń jáde ni?" Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ó ká kàlẹ́ńdà kúrò, ó tẹjú mọ́ ìlà náà. Mo ní, "Ṣé ó máa wó?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Inú bí mi. Gbogbo ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀jẹ̀ rán an lọ kà, kò tíì mọ̀! Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ní okùn rọ́bà gígùn tí omi wà nínú rẹ̀, tó ń sọ bí ojú kan ṣe ga ju ojú kejì lọ. Ó ń gbé e sílẹ̀ káàkiri inú ilé, á dúró, á kọ ohun tó rí. Ó ní ká ti gbogbo ẹ̀rọ omi, ó lọ tẹjú mọ́ mítà omi níta bóyá páìpù kan ń jò lábẹ́ ilé. Mítà ò mira. "Ó dáa," ló wí, "kì í ṣe páìpù." Ó gbẹ́ amọ̀ lápá méjèèjì ilé: ti ẹ̀bá ẹ̀fọ́ rọ̀ bí ẹ̀kọ, ti òdì kejì le bí òkúta.

Nígbà tó kó gbogbo ohun tó kọ sínú kọ̀ǹpútà, tó sọ wọ́n di àwòrán, tó sì yí ojú rẹ̀ sí wa, mo gbàgbé ìbínú. Ilẹ̀ pálọ̀ mi ni mo ń wò, tí mo ti pè ní pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n òkè wà níbẹ̀, òkè pupa tó dìde lápá ẹ̀fọ́ tó sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀ di àfonífojì aláwọ̀ aró. Mo ti ń gun òkè lójoojúmọ́ láti lọ bu omi mu, ẹsẹ̀ mi ò sì sọ fún mi.

Mo ní, "Kí ló gbé e sókè?"

Ó ní kí ìyàwó mi bu gàrí wá. Ó tẹ́ ẹ sínú páànù, ó gbé ọmọrí ike lé e, ó wá rọra da omi sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. A dúró. Gàrí wú, bí a ti mọ̀ ọ́n, ọmọrí sì gbé èjìká kan sókè.

"Orí amọ̀ tó ń wú báyìí ni ilé yín jókòó sí."

Ìyàwó mi káwọ́ lérí. "Ẹ̀fọ́ mi!"

"Mọ́mì, ẹ̀gbẹ́ kan ń yó, ẹ̀gbẹ́ kejì ń pòùngbẹ." Ó wá dojú kọ mí. "Bí àwòrán yìí bá jẹ́ òótọ́, ìlà kan gbọ́dọ̀ wà tí ẹ ò tíì rí. Ní yàrá yín, níbi tí òkè yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ńlá yẹn, kó fẹ̀ lókè, kó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, èmi ni mo ṣìnà, màá tún un bẹ̀rẹ̀."

Láti ọjọ́ tí a kó wọlé ni kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ti wà níbẹ̀. Àwa mẹ́ta la tì í. Ìlà náà wà níbẹ̀, ó fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín bí irun nísàlẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ti ránṣẹ́ sí pé àlejò ń bọ̀. Ìyàwó mi kígbe, "Jésù!" Ọmọ yẹn kàn fa rúlà yọ, ó ń wọn bó ṣe fẹ̀ tó.

Ó ní ilé náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, kò ní wó. Kí a ṣí ẹ̀fọ́ jìnnà sí ògiri, kí a máa bomi rin yíká ilé dọ́gba, òun á máa padà wá wọ̀n ọ́n. Nínú ìwé tó kọ fún wa, ó fi kún un pé òun ò mọ̀ bóyá ìlà yàrá máa pa dé tán. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ibẹ̀ kúrò, kí ìwé náà lè lágbára. Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá kékeré, ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi máa ti bẹ̀rẹ̀."

Mo pe ọkùnrin tó ń ra ilé pé kó má wá mọ́. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, òkè pupa yẹn ń rẹlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ gbà láti pa dé. Ìlà yàrá ṣì ku díẹ̀ kó pa dé tán.

Mo ti rò ó lọ, rò ó bọ̀. Ẹ̀rù mi ò fìgbà kan tọ́ka sí ibì kan pàtó. Gbogbo ilé ló ń nàka sí, nítorí náà kò sí bí mo ṣe lè já a nírọ́. Ọmọ yẹn nàka sí ojú kan ṣoṣo, ó sì dúró níwájú wa kí ògiri wá dá a láre tàbí kó dójú tì í. Mo ti bá ọ̀pọ̀ àgbà jókòó láyé mi tí ohun gbogbo dá lójú, èmi náà sì wà lára wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó sọ ibi tí èèyàn lè lọ yẹ ọ̀rọ̀ òun wò rí.