Eegun Àgbọ̀n Màmá Mi

Ẹ̀ẹ̀meje ni mo wọn eegun yẹn. Mo gbé ìlà lé e lórí kọ̀ǹpútà, mo fà á láti etí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n dé ibi tí eegun líle ti parí, mo ka iye rẹ̀, mo pa á rẹ́, mo tún bẹ̀rẹ̀. Iye kan náà ló ń jáde. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú eyín ní kí n jọ̀ọ́ wà lójú kan, pé ariwo àga mi ti fẹ́ fọ́ òun létí.

Iṣẹ́ ìwádìí tí mo fẹ́ fi parí ẹ̀kọ́ mi ni. Mò ń kó àwòrán ẹ́síréè àwọn tó wá tọ́jú eyín jọ, mo sì ń wọn bí eegun àgbọ̀n wọn ṣe nípọn tó. Eegun èèyàn kì í dọ́gba: ti ẹlòmíì ki, ti ẹlòmíì tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n tí àgbọ̀n obìnrin tó ti dàgbà bá fẹ́lẹ́ jù nísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí eegun ara rẹ̀ yòókù náà ti ń gbẹ, kí ìṣubú kékeré sì dá a. Nọ́ńbà àti ọjọ́ orí ọkùnrin tàbí obìnrin náà nìkan ló wà lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kò sí orúkọ. Èyí tí mo wọ̀n lẹ́ẹ̀meje yìí fẹ́lẹ́ jù, mo sì mọ nọ́ńbà rẹ̀, torí màmá mi ló ni ín.

Eyín ló ń dùn ún tí mo fi mú un wá láti Ìkẹ́rẹ́, ó sì gbà kí n fi àwòrán òun kún iṣẹ́ mi. Nínú ẹ̀rọ ẹ́síréè wa, èèyàn máa ń dúró ni, á fi eyín di igi kékeré kan mú, á fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, ẹ̀rọ á wá yí orí rẹ̀ po. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni màmá mi fi di irin. Mo jágbe mọ́ ọn: "Màámi, ọwọ́ méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ máa ba àwòrán jẹ́!" Ó yọ igi lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ òyìnbó ń ba òun lẹ́rù. Inú ń bí mi, torí èrò ti tò sẹ́yìn, àwọn ọ̀gá mi sì ń wò wá.

Mo fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe. Nínú iṣẹ́ wa, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ tún àwọn àwòrán kan wọ̀n láì mọ iye tí ẹni àkọ́kọ́ rí, ni mo bá ki ti màmá mi sáàárín èyí tí mo fún ọ̀rẹ́ mi. Mi ò lè jókòó tì í. Mo rìn yí ọgbà po títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Nígbà tó gbé ìwé lé mi lọ́wọ́, iye tèmi gan-an ló wà níbẹ̀.

Ó nawọ́ sí nọ́ńbà màmá mi, ó ní, "Ìyá yìí ńkọ́, ta ni? Kó má gbé ẹrù mọ́ o."

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ ìdí tí mo fi parọ́.

Ní Sátidé, mo sáré lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Aládùúgbò ní ó ti lọ oko. Oko kòkó wa wà lọ́nà Ìgbàrà-Odò, ni mo bá gun ọ̀kadà. Mo ní kí ọlọ́kadà yára, tó bá dé kòtò mo tún ń pariwo pé kó rọra. Ó ní, "Àǹtí, ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀, ẹ jàre."

Mo rí màmá mi lókèèrè, agbọ̀n kòkó tútù lórí, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta tí òjò ti mú kó máa yọ̀. Mo sáré lọ bá a.

"Màámi, ẹ sọ agbọ̀n yẹn kalẹ̀!"

"Ṣé wọn kì í kí èèyàn níbi tó o ti ń kàwé ni?"

Mo gba agbọ̀n lórí rẹ̀. Mo ní eegun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, mo ti wọ̀n ọ́n, ọ̀rẹ́ mi náà wọ̀n ọ́n, kò gbọdọ̀ ṣubú, ó máa bá mi lọ rí dókítà ní Mọ́ńdè. Mò ń sọ ọ́, mò ń rìn lọ, mò ń rìn bọ̀. Ó jókòó sórí òkúta, ó ń wò mí.

"Ṣé o ti sọ ọ́ tán?"

Ó fa apá bùbá òsì sókè. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́, eegun sì yọ gọngọ níbi tí kò yẹ kó yọ.

"Mo ṣubú nígbà kòkó èṣí. Àwọn tó ń to eegun ní Èmùré ló bá mi dì í. Ìgbà ìdánwò rẹ ni. Bí mo bá sọ ọ́, wàá sá wá sí ulé."

Mo rántí irin ẹ̀rọ yẹn. Háà, èmi yìí! Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo ń jágbe mọ́ yín?"

"Lójú àwọn ọ̀gá rẹ?" Ó fa apá bùbá rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ti gbọ́. Mọ́ńdè."

Mo gbé agbọ̀n rù. Ó wúwo, ọrùn mi ń gbọ̀n, ó sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé ibi tó ń yọ̀, mo ní kó fi ọwọ́ méjèèjì di apá mi mú. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi dì í mú. Mi ò jágbe.