Kòkòrò Inú Eyín Mi

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni. Èmi, ìyá mi àti Ìyá Ràfíù tó máa ń yọ kòkòrò eyín la wà lẹ́yìnkùlé wa ní Òṣogbo. Òórùn kànáfùrù gba gbogbo ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo ti ń sunkún láti àná, síbẹ̀ mo pa ẹnu dé pinpin.

Ìyá mi di orí mi mú. "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. La ẹnu, ká yọ ọ́."

Ìyá Ràfíù da omi egbòogi sí mi lẹ́nu, ó ní kí n tu ú sínú abọ́ funfun. Nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan léfòó. "Òun nìyí," ó wí, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìrora rọlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí oṣù tó parí, wọ́n fa eyín náà. Ìyá mi ní kòkòrò yẹn ti bímọ sílẹ̀ kí a tó mú un. Mo gbà á gbọ́.

Mo ti lé ní ọmọ ogójì ọdún kí n tó parí ẹ̀kọ́ mi. Mo ti sin ìyàwó mi, mo ti ń gbé ní àdúgbò Al Qasimia nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, kí eyín mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ọmọ Abẹ́òkúta ni dókítà eyín tí mo lọ bá ní àdúgbò Muwaileh níbẹ̀. Ó ní bí ihò bá kéré, wọn a gbẹ́ ibi tó jẹrà, wọn a dí i. Tèmi ti jìn dé iṣan. Wọ́n máa yọ iṣan náà, wọ́n á fọ gbòǹgbò eyín náà mọ́, wọ́n á dí i pa, wọ́n á wá fi ìdérí dé e lórí bíi fìlà.

"Bí a bá fi falẹ̀, bàbá, fífà ló kù."

"Kòkòrò ńkọ́? Ṣé ẹ máa tì í mọ́lé ni?"

Mo sọ ti abọ́ Ìyá Ràfíù fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Kòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ojú lásán ò lè rí i. Ṣúgà ló ń jẹ, ó sì ń sọ ọ́ di omi kíkan tó ń gbẹ́ eyín. Èyí tó bá léfòó nínú abọ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ rò ó.

Mo rò ó títí mo fi délé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn kì í ṣe ojo. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un ni. Wọ́n ti ṣàlàyé fún èmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ilé ìwòsàn náà, mo ti dúró níbẹ̀.