Ohun Tí Mo Sọ Nípa Omi

Àwọn ìbejì mi kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí mo fi gbé wọn padà sí Òṣòdì. Orí ìdúró ni mo ti ń ta aṣọ ọmọdé níbẹ̀, mi ò ní ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni àǹtí kan tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní Ìsọlọ̀ ti wá bá mi. Wọ́n ń ṣe másítàsì ní yunifásítì, ìwé tí wọ́n sì fẹ́ kọ dá lórí bí àwa ìyá tó ń tajà ṣe ń fún ọmọ lọ́yàn. Wọ́n fi fóònù gba ohùn mi àti ti àwọn ìyá mìíràn sílẹ̀. Mi ò purọ́ fún wọn. Mo ní mo máa ń fún àwọn ọmọ náà lómi, mo sì sọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n kó ìwé wá sí yàrá mi, inú wọn ń dùn.

"Ìyá Ìbejì, wá wo ara ẹ nínú ìwé! Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa fi sílẹ̀."

Mi ò lọ yunifásítì, ṣùgbọ́n mo parí girama, mo gbọ́ òyìnbó. Òyìnbó inú ìwé náà ń dán gbinrin. Ó ní àwa ìyá Òṣòdì ń fún ọmọ lómi nítorí pé a ò mọ̀ pé kò dáa.

"Àǹtí, ta ló sọ báyìí?"

"Ẹ̀yin ìyá fúnra yín ni."

"Èmi kọ́ o. Ẹ tan fóònù yẹn ká gbọ́."

Wọ́n wolẹ̀. "Kí n má tàn ẹ́, nínú ohùn tí mo gbà, mi ò tíì gbọ́ ju ti èèyàn méjì lọ. Mo kó ìbéèrè mi fún AI, ẹ̀rọ tó ń báni kọ̀wé yẹn, mo ní kó bá mi kọ ohun tí àwọn ìyá máa ń sọ."

"Háà! Ọmọ mélòó ni AI bí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò sí níbẹ̀. Wọ́n tan fóònù. Ohùn mi jáde, ẹkún ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀: "Nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé ọyàn nìkan ni ká fún ọmọ títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, ó sì yé mi. Àmọ́ kò síbi tí mo lè jókòó sí. Tí mo bá ń fún ọ̀kan lọ́yàn lórí ìdúró, èkejì á máa ké, ni mo ṣe ń fún un lómi."

"Ṣé ẹ gbọ́? Tẹ́ ẹ bá kọ pé a ò mọ̀, ẹni tó máa wá kọ́ wa ni ìjọba á rán sí wa. Àga là ń wá."

Mo gbé ọmọ kan lé wọn lẹ́sẹ̀, mo pọn èkejì, a sì jọ gbọ́ ohùn gbogbo àwọn ìyá yòókù. Ọ̀kan ní ìyá ọkọ òun ló ń fún ọmọ lómi. Òmíràn ní nítorí oòrùn ọjà ni. Àǹtí ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń mi orí.

Ọjọ́ Ẹtì kò ṣeé ṣe mọ́. Wọ́n tọrọ ọ̀sẹ̀ kan sí i, olùkọ́ wọn ráhùn títí kó tó gbà. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́, AI kàn bá wọn tún òyìnbó rẹ̀ ṣe ni.

Wọ́n mú un wá fi hàn mí kí wọ́n tó fi sílẹ̀. Gbólóhùn mi wà níbẹ̀ ní Yorùbá, òyìnbó rẹ̀ wà lábẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pé. Ẹkún ọmọ nìkan ni kò sí níbẹ̀.