Àtẹ̀gùn Mẹ́rìnlá

Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà láàárín pálọ̀ Bàbá Rédíò àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lókè. Pákó ni. Tóóró. Láràárọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ń fà á gòkè, nírọ̀lẹ́ á tún fà á sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro obìnrin náà. Ó ní kí ọkọ òun kó wáyà àti irinṣẹ́ rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná. Ọkọ ní bí òun bá máa tún rédíò ṣe nídìí ìkòkò, kí wọ́n kúkú gbé òun náà kaná.

Àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní MS ló ń bá a fà á, ọdún kẹta rèé. Dókítà ṣàlàyé títí, ó rẹ̀ ẹ́. Bàbá Rédíò ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Rọ́bà ara wáyà ló ń bó. Iná ń bọ̀ láti ọpọlọ, kò dé ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ. Àbùṣe bùṣe." Nọ́ọ̀sì ní kó máa ṣe eré ìmárale díẹ̀díẹ̀, kó máa sinmi, kó má sì jẹ́ kí ara rẹ̀ gbóná: ooru ló ń sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di ti ẹlòmíì.

"Sinmi" nìkan ni ìyàwó gbọ́.

Ni ọkọ bá di olè nínú ilé ara rẹ̀. Á yí rédíò sókè, kí ìyàwó lè rò pé ó jókòó ti iṣẹ́. Irọ́. Ó ti di etí tábìlì mú, ó ń dìde, ó ń jókòó. Mẹ́wàá. Ìsinmi. Mẹ́wàá mìíràn. Ọjọ́ kan, iná lọ. Rédíò dákẹ́, àga ò dákẹ́. Gbì. Gbì. Ìyàwó gòkè wá ká a mọ́ ọn.

Ìjà náà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ lóbìnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyẹn dájọ́: "Ní Fúráìdè, ìwọ nìkan ni wàá gòkè. Di igi àtẹ̀gùn mú, má di èèyàn mú. Bó o bá dókè, tìẹ ni ṣọ́ọ̀bù. Bí o ò bá débẹ̀, kó ẹrù sọ̀ kalẹ̀."

Fúráìdè dé, oòrùn dé. Bàbá Rédíò wọ kóòtù. Nínú oòrùn yẹn! Ó gbéra. Kan. Méjì. Ní ìkeje, ó dúró mí. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí pákó. Tó. Tó.

Ìyàwó fọwọ́ bo ẹnu. Ohùn ẹ̀gbọ́n rọ̀ wọ̀ọ̀. "Àbúrò mi, kò sí ìtìjú níbẹ̀ o. Sọ̀ kalẹ̀, ká lọ pààrọ̀ ṣòkòtò."

Ó rò ó wò. Ó sàn kí wọ́n pe òun ní onímàgòmágó ju kí wọ́n pe òun ní atọ̀sára. Ó ṣí kóòtù. Táwẹ̀lì ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó kún fún yìnyín.

"Òjóró!" ìyàwó pariwo. "Màmá, ẹ wo yìnyín fíríìjì mi!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, gíláàsì tí ẹ fi ń kàwé, ṣé òjóró lòun náà?"

Ẹ̀gbọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rín ń pa á. "Máa gòkè lọ, ọmọ burúkú."

Ní ìkejìlá, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń gbọ̀n, kò fẹ́ gbéra mọ́. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, kò fi kàn án. Ìkẹtàlá. Ìkẹrìnlá. Ó ṣubú lé àga ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Tìẹ ni," ẹ̀gbọ́n ké láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ wá fà mí sọ̀ kalẹ̀."

"Gígòkè la bá ara wa sọ!"

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ti jókòó sórí pákó, ó yọ táwẹ̀lì lọ́rùn ọkọ, ó fi lé ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń ro ó, ó di ojú.

"Dádì," ìyàwó ní, "ẹ ní sùúrù. Ó kù díẹ̀ kó yọ́."