Ẹsẹ̀ Tí Kò Ká, Iwájú Bàálù Ló Yẹ Ẹ́

Kò sí awakọ̀ tó ń ná ìlú Orin sí Ìkọ̀lé tí kò mọ ẹsẹ̀ Ọládiípọ̀. Láti ìgbà tó ti já bọ́ lórí igi obì ni orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ò ti ká mọ́. Gbọnrangandan ló máa ń nà bí ọmọ odó. Bó bá wọkọ̀, àyè èèyàn méjì ló ń gbà, tirẹ̀ àti ti ẹsẹ̀.

Adéwùnmí ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Isaac, ní tirẹ̀, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti dọ̀nà oko fún un. Ó kọ́kọ́ lọ wẹ ọmọ fún Isaac, àkọ́bí wọn. Nígbà táwọn èèyàn rí bó ṣe ń fi òrí na ẹsẹ̀ ọmọ, tí orí ọmọ ń rí róbótó, làwọn ará Ìkọ̀lé àti Ìdó bá ń san owó ọkọ̀ fún un kó lọ bá wọn wẹ ọmọ-ọmọ tiwọn náà. Gbogbo ìgbà tó bá wọ bàálù ni iléeṣẹ́ bàálù ń kọ póíǹtì sórúkọ rẹ̀. Bí póíǹtì bá pọ̀ tó, wọ́n á fi gbé èèyàn lọ síwájú, níbi táwọn olówó ń jókòó sí.

Lọ́dún 2004, bó ṣe ń bọ̀ nílé, ọmọ Yorùbá kan nídìí káńtà iléeṣẹ́ bàálù rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú bí búrẹ́dì.

"Màámi, póíǹtì yín ti tó o. Ṣé ká gbé yín síwájú?"

Itọ́ dà lẹ́nu Adéwùnmí. Àmọ́ nígbà tó ń lọ, ó ti rí òyìnbó kan níwájú níbẹ̀ tó na ẹsẹ̀ gbalaja, tó ń hanrun. Ẹsẹ̀ Bàbá Isaac ló sọ sí i lọ́kàn.

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Kò tíì tásìkò."

Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá.

Àbẹ̀ní, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, gbọ́, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Póíǹtì! Ìyàwó, ṣé wọ́n ń fi í sebẹ̀ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n máa tọ́jú ẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Lọ́dún kejì ni Tinúọlá, àbígbẹ̀yìn wọn tóun náà wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, fóònù pé òun fẹ́ ṣègbéyàwó ní Sátidé tó ṣáájú Kérésì. Ọládiípọ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbàdúrà, ó wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ máa lọ," ló wí. "Èmi á máa ṣọ́ ulé." Ló bá jáde lọ tú kòkó tó ń sá.

Adéwùnmí pe iléeṣẹ́ bàálù nítorí ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní kò sáyè fún póíǹtì níwájú ní Dìsẹ́ńbà, àfi àlọ nìkan; ẹ̀yìn ni bàbá á padà sí. Ní Fẹ́búárì, àlọ àtàbọ̀ ló ṣí sílẹ̀.

"Ká jẹ́ kí Isaac fà á lé ọkọ lọ́wọ́," ni Àbẹ̀ní wí. "Ta ló ń sún ìgbéyàwó nítorí bàálù?"

"Èmi ni." Adéwùnmí tẹ Tinúọlá láago.

"Mọ́mì! Mo ti pín káàdì!"

"Lọ gbà á padà."

"Kí ni kí n wí fún ìyá ọkọ mi?"

"Wí pé bàbá ẹ wà láyé, ẹsẹ̀ ẹ̀ ló le. Ọkọ tí ò lè dúró dè ẹ́ di Fẹ́búárì, ṣé òun ló máa bá ẹ dọ́jọ́ alẹ́?"

Tinúọlá bú pùrù sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò dáa o, Mọ́mì. Fẹ́búárì náà ni."

Bí Adéwùnmí ṣe ná gbogbo póíǹtì sórí ọkọ rẹ̀ nìyẹn, òun sì ra ìjókòó ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Bàálù ò tíì gbéra pẹ́ tó fi gbóhùn Ọládiípọ̀ láti iwájú:

"Ìyá Isaac o! Wọ́n ti sọ ùjókòó di bẹ́ẹ̀dì o!"

Gbogbo ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri mú ṣokoléètì wá: "Bàbá ní kí n gbé e fún ìyàwó àwọn."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Ọládiípọ̀ fi ọ̀pá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó di apá Tinúọlá mú. Ẹsẹ̀ òsì á gbé, ti ọ̀tún á yí po bí ẹni ń fi àdá ro etí oko. Orin ìwọlé parí kí wọ́n tó dé iwájú, onídùùrù tún un bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ìkọ̀lé tó wà níjókòó ti dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Àlùfáà bèèrè ta ló ń fa ọmọ yìí kalẹ̀.

"Èmi ni!" Ọládiípọ̀ nà ró. "Èmi Ọládiípọ̀, mo ti Orin wá!"

Ohùn rẹ̀ borí ti màíkì.